Ìkòkò Ìrẹsì Ìyá Gbénga àti Ìgbàgbọ́ Tí Mo Kọ́ Ọ

Àgídìngbì, Ìkẹjà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ tí o bá gba ìwé yìí lọ́wọ́ àbúrò rẹ: "Kí ló dé tí Dádì ò kàn pè mí?" Mi ò pè ọ́ nítorí pé mo mọ ẹni tí mo bí. Tí mo bá pè ọ́, kí n tó dé gbólóhùn kejì, wàá ti ní, "Ẹ gbọ́ ná, Dádì," èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á parí sí. Lẹ́tà kì í gbọ́ "ẹ gbọ́ ná." Nítorí náà, bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ, jókòó, kà á tán kí o tó bínú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, nítorí ìyìn ló pọ̀ jù nínú mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ọjà wò ní ilé iṣẹ́ yín, kò sí ẹni tí mi ò tíì sọ fún. Mo sọ fún bàbá tó ń gẹ irun mi. Mo sọ fún ọkùnrin tó ń rán bàtà ní Maryland, kò sì bi mí o. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá. Ẹsẹ̀ kejì bàtà yín ńkọ́?" Mo ní kó ní sùúrù, mi ò tíì parí. Mo ròyìn fún un bí ìdérí ìgò ṣe ń jò lọ́jọ́ yẹn, tí o dá ẹ̀rọ dúró, tí máníjà ń jágbe mọ́ ọ pé ọkọ̀ tó fẹ́ kó ọjà ti wà níta, tí o sì ní o ò ní buwọ́ lu ohun tí o ò tíì dán wò. Gbogbo wọn bínú sí ọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwọ ni wọ́n fi jọ̀gá. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí ò ní irú àyà bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní ọjọ́ orí rẹ. Màá sọ ìyẹn fún ọ láìpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù mí kí n sọ ọ́.

Inú mi tún dùn sí ọkọ tí o yàn. Nígbà tí o kọ́kọ́ mú Gbénga wá, tí o ní Kátólíìkì ni, àwọn alàgbà ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí bóyá mo máa dákú. Mi ò dákú. Mo wo ọmọkùnrin náà, mo rí i pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì. Ìyẹn wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì tèmi àti tirẹ̀.

Ó wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Kò wá fẹjọ́ sùn, má torí ẹ̀ ta ko ó. Èmi ni mo bi í léèrè ohun tó mú ojú rẹ̀ fà ro, ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan, ó wá sọ. Ó ní o wà nílé ìyá òun ní Agége lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú, ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà sílẹ̀ de ìrẹsì àti ẹ̀wà tí àwọn àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń gbé lọ fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá ní, "Ìyàwó mi, ohun kékeré tí mo fi ń wá ojúure Ọlọ́run nìyí." Ìwọ wá fèsì pé, "Mà, kò sí iye ìrẹsì tó lè gbé èèyàn dé ọ̀run. Ìgbàgbọ́ nìkan ló ń gbani là. Ẹ̀yin Kátólíìkì lẹ rò pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ló máa gbà yín."

Gbénga ní ìyá òun gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ìyàwó mi," wọ́n sì wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò dáná. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ yẹn lọ, ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọn ò lọ nìyẹn. Wọ́n sọ fún Gbénga pé kí ẹ sún ìgbéyàwó síwájú ná, pé àwọn ò fẹ́ kí ẹni tó máa jókòó ti àwọn nídìí ààrò máa wò wọ́n bí igi tó fẹ́ wọ iná ọ̀run àpáàdì.

O ò sọ èyí fún mi, Àbẹ̀kẹ́. A sì ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn o. Ohun tó dùn mí ni pé bí Gbénga ṣe ń sọ gbólóhùn yẹn, mo ń bá a parí rẹ̀ nínú ọkàn mi. Èmi ni mo kọ́ ọ, bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ní kíláàsì ọmọdé, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ò tíì kan ilẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. O kà á láìṣìṣe, mo sì fún ọ ní bisikíìtì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èyí tí mo kó fún ọ ní ẹnu mímú lára, ó sì yẹ kí n ti rẹ́ ẹnu náà dànù kí n tó gbé e lé ọ lọ́wọ́.

Èkíní nínú ohun tí mo fẹ́ sọ: má torí ọ̀rọ̀ yìí ju ìgbàgbọ́ rẹ nù. Mo mọ irú ẹni tí o jẹ́, tí ojú bá tì ọ́ tán, wàá fẹ́ fún wọn ní gbogbo nǹkan. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ìjẹ̀bú, mo dàgbà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Tí ààrá bá sán, mo rò pé èmi ló ń wá. Mo máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbààwẹ̀, síbẹ̀ tí mo bá dùbúlẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí oníwàásù kan ṣàlàyé fún mi pé ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, pé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Jésù kò ní láti fi ohunkóhun kún un. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, ààrá ti di ààrá lásán. Ohun tí mo fẹ́ kí o ní nìyẹn, o sì ní in, mo sì ń fi yangàn. Má sì fi òwe "ọ̀nà kan ò wọjà" bá mi sọ̀rọ̀ tí o bá dé ibí. Èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà.

Èkejì wá ni èyí tí kò wù mí kí n sọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ìyá rẹ tó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Oregun tí wọ́n ti ń ṣe páìpù omi. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé tipẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dán páìpù wò kó tó jáde. A máa mú díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe, a máa dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, a máa fi ẹ̀rọ ti omi sí i nínú gan-an, a ó wá ṣọ́ ọ fún wákàtí kan. Tí kò bá jò, màá buwọ́ lu káàdì rẹ̀. Wákàtí kan máa ń gùn lójú ẹni tí ara rẹ̀ ń yá gágá láti lọ wàásù.

A ní ẹgbẹ́ àdúrà kan tó máa ń pàdé lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Olórí wa ni Bùrọ́dà Sámúẹ́lì, òun náà ló ń darí ẹ̀rọ tó ń fa páìpù jáde. Lọ́jọ́ kan tó kàn mí láti wàásù, páìpù tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde wà níwájú mi, aago méjìlá sì ti ń lọ lù. Ó gbá mi léjìká, ó ní, "Bùrọ́dà, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Ó dáa ní orúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, àwọn ará ń dúró." Mo buwọ́ lu káàdì. Báwo ni àtúnbí ṣe máa ṣi àtúnbí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà? Ká ní Kátólíìkì tàbí Mùsùlùmí ló sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá dán páìpù náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá lọ sẹ́yìn sítọ́ọ̀, mo wàásù pé ìgbàgbọ́ nìkan tó, wọ́n sì pariwo Halelúyà. Bùrọ́dà Sámúẹ́lì ò parọ́ fún mi o. Ó fi ojú wò ó lóòótọ́. Ojú ò kàn lè rí ohun tí omi máa rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde lára ògiri ilé ìyá kan ní Omole, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́ yàrá mẹ́ta. Wọ́n ti rẹ́ ògiri, wọ́n ti kùn ún. Ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́ máa fún un ní páìpù tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó buwọ́ lu káàdì ló máa lọ fọ́ ògiri, tó máa tò ó padà, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Mo lọ bá àwọn ará. Bùrọ́dà Sámúẹ́lì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní èṣù ló ń bá iṣẹ́ ìránṣẹ́ mi jà. Àdúrà náà gùn, ó sì lágbára. Kò sẹ́ni tó bá mi lọ sí Omole.

Ẹni tó bá mi lọ ni Fẹ́líìsì, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ wa. Kátólíìkì ni. Nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tó máa ń wà nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, a máa ń pè é ní Ọmọ Màríà, a ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi bàbá rẹ yìí ti sọ fún un rí, lójú gbogbo èèyàn, pé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ò lè dí ọ̀nà ọ̀run àpáàdì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí mo dé Omole, mo bá a níbẹ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti ń fọ́ ògiri. Mi ò ránṣẹ́ pè é. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ló fi bá mi ṣe é.

Nígbà tó di Sátidé kejì, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. O ò ní gbà pé irú ìbéèrè yìí lè ti ẹnu ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ jáde. Mo ní, "Bùrọ́dà Fẹ́líìsì, ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí máa gbà yín là ni?" Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń ra ọ̀run? Jésù ti gbà mí là tipẹ́." Ẹnu yà mí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Kí ló wá gbé yín wá síbí?" Ó ní, "Torí pé ó ti gbà mí là náà ni. Ìyá yìí ò rómi wẹ̀. Jọ̀ọ́, na òòlù yẹn sí mi."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá ọkùnrin yẹn jiyàn kó tó di ọjọ́ náà, mi ò sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni òun gan-an gbà gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn Kátólíìkì gbà gbọ́ ni mò ń bá jà.

Ìmọ̀ràn kẹta nìyẹn: tí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ilé, ẹni tó ń gbébẹ̀ ni kí o bi. Fẹ́líìsì padà ṣàlàyé fún mi, a jọ ń jẹ búrẹ́dì lórí òkìtì iyanrìn. Ó ní àwọn náà gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé kò sí ẹni tó lè fi agbára ara rẹ̀ wọ ọ̀run. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgbàgbọ́ tí ìfẹ́ ò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò tíì pé, àti pé èèyàn máa ń fi iṣẹ́ rere dàgbà nínú oore-ọ̀fẹ́ náà. Èmi ní ìgbàgbọ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń dá wa láre, iṣẹ́ rere wá jẹ́ èso rẹ̀. Ó di Pọ́ọ̀lù mú, mo di Pọ́ọ̀lù mú. Ó fa Jákọ́bù yọ, mo ní kó ní sùúrù kó gbé Jákọ́bù sílẹ̀ ná. A ò fẹnu kò títí a fi jẹ búrẹ́dì náà tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò pè é ní Ọmọ Màríà mọ́.

Má sì rò pé ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn. Kátólíìkì kan wà nílé iṣẹ́ yẹn tó máa ń jí kọ́pà, tó máa ń lọ jẹ́wọ́ fún Fádà lóṣooṣù, tó máa padà wá jí òmíràn. Fẹ́líìsì fúnra rẹ̀ ló máa ń bú u jù. Ní tiwa náà, láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti gbọ́ ìwàásù yẹn lẹ́nu mi, kò mọ ju ìgbàgbọ́ nìkan lọ, kò sì sí abiyamọ ní àdúgbò wa tí kò wẹ ọmọ fún rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni kí o máa fi díwọ̀n èèyàn.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, máa bá mi kà á lọ. Ìgbéyàwó: ẹ ti fẹnu kò pé ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ni a ó ti so yín pọ̀. Màá mú ọ lọ́wọ́ wọlé. Tí àwọn alàgbà bá ní kí n fi oyè mi sílẹ̀, mo ti pẹ́ lórí rẹ̀ tó, ẹsẹ̀ sì ń ro mí. Tí Ọlọ́run bá fún yín lọ́mọ, ẹ má fi ọmọ ṣe okùn tí ẹ ó máa fà láàárín ara yín. Tí Gbénga bá ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, má tan tẹlifíṣọ̀n. Tí àríyànjiyàn bá sì dé, ẹ jà á láàárín ara yín, má ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ láé. Àgbà obìnrin kọ́ lèèyàn ń bá díje nínú ẹ̀kọ́ ìgbàlà.

Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Àná ni. Mo mọ̀ pé wàá pariwo. A kì í rí i, pé bàbá ìyàwó gbéra lọ bẹ ìyá ọkọ. Àwọn ló yẹ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún wa, a ò sì tíì ṣe ìdána. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ti ta ọ́ lọ́pọ̀. Mo ní kò burú, ọjà tó dáa ni, kò lè lọ lọ́pọ̀.

Mo dé Agége, mo ṣí fìlà. Mo ní, "Ìyá Gbénga, ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ tó sọ." Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé omi fún mi. Wọ́n wá ní, "Bàbá, gbólóhùn yẹn kọ́ ló dùn mí. Ta ni kò tíì sọ ọ́ fún mi ní Agége yìí? Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ bá a sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó já a mọ́ mi lẹ́nu."

Mo ní, "Ìyá ta?"

Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Gbénga ti mú ọ wá, tó sọ fún wọn pé ìyá rẹ ti ṣaláìsí, ni wọ́n ti ń mú orúkọ ìyá rẹ lọ sí Mísà lóṣooṣù. Wọ́n ní ìrẹsì ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, orúkọ ìyá rẹ ni wọ́n ń pè sí i kí wọ́n tó bù ú fún àwọn aláìsàn. Ti Jímọ̀ tí wọn ò dáná yẹn, tirẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń bọ̀ wálé ọkọ, tí kò ní ìyá tó máa súre fún un. Mo ní kí n kúkú máa bá a rántí ìyá rẹ̀." Àbẹ̀kẹ́, wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ: Ọmọ́táyọ̀. Wọn ò rí ìyá rẹ rí láyé, wọ́n sì pè é bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mẹ́fà tó ti ṣaláìsí, ẹbí wa nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn.

O mọ ohun tí mo gbà gbọ́ nípa àdúrà fún òkú. Mi ò tíì yí i padà. Ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀, kò sí ìrẹsì tó lè fi kún ayọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹsẹ tó yẹ kí alàgbà kà fún wọn ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì, mo sunkún níwájú wọn, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá Gbénga."

Wọ́n ní àwọn máa dáná ti ìyá rẹ tó fò yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni àwọn ń retí nídìí ààrò. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n máa ń dáná. Gba àyè níbi iṣẹ́ kí o lọ. Kúnlẹ̀ kí o tó sọ ohunkóhun. Tí wọ́n bá wá gbé ọwọ́ lé ìkòkò náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ, má bá wọn jiyàn. Tí "Àmín" bá wúwo lẹ́nu rẹ, máa to àwo ìrẹsì náà lọ, kí o jẹ́ kí wọ́n pè é tán.

Bàbá rẹ.